Ìyàwó mi ń lù mí, ó sì ní òun máa kó ọmọ lọ: ṣé òfin wà fún ọkùnrin?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ó sì ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó wọlé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ṣe ìdáná, a sì lọ fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ méjì la bí, ọmọbìnrin ọdún 7 àti ọmọkùnrin ọdún 4. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó mi ti ń nà mí. Ó ti fi ọmọ-orógùn là mí lórí rí. Oṣù tó kọjá, ó da omi gbígbóná sí mi léjìká níṣojú àwọn ọmọ. N kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí. Ọmọbìnrin mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lé e jáde, pásítọ̀ wa ní kí n máa gbàdúrà. Bí mo bá ní mo fẹ́ fẹjọ́ sùn, ìyàwó mi á ní ta ni yóò gbà mí gbọ́, àti pé kóòtù kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, arákùnrin mi, òfin wà fún yín. Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ yìí ti kúrò ní asọ̀ tọkọtaya. Omi gbígbóná lè pa ènìyàn, ó sì lè ta sí ọmọ tó dúró nítòsí. Ẹ ò ṣàṣejù bí ẹ̀rù bá ń bà yín.

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín ni mo ń dáhùn sí. Adájọ́ yóò gbọ́ ti ìyàwó yín náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ọ̀nà pọ̀ fún yín ju èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín àti pásítọ̀ tọ́ka sí lọ.

Lọ́dún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Òfin náà kò sọ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ na obìnrin. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hu ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Lílù wà níbẹ̀, ìhàlẹ̀ wà níbẹ̀, ìwọ̀sí àti èébú tó ń fọ́ ènìyàn lọ́kàn wà níbẹ̀, fífi ebi pa ènìyàn àti bíba dúkìá jẹ́ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, tí ọlọ́pàá kan bá sọ fún yín pé òfin yìí jẹ́ ti àwọn obìnrin, kò tíì kà á ni.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ ẹbí. Àwọn ọkùnrin tó ń wá bá mi lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í pọ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti bà jẹ́ tán ni wọ́n máa ń wá. Mo ti wá rí i pé jíjẹ́ tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin kọ́ ló ń ba ẹjọ́ wọn jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí inú bí wọn ló ń bà á jẹ́: wọ́n á gbẹ̀san, tàbí kí wọ́n kó ọmọ sá.

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ fọ́ ìgò mọ́ lórí. Ẹjọ́ rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní ìwé dókítà, aládùúgbò méjì sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan, ó kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú mọ́tò, ó kó wọn lọ fún ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì pa fóònù. Ìyá àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ dé kóòtù. Nígbà tí àwa fi máa dé iwájú adájọ́, obìnrin náà ti di olùpẹ̀jọ́, àwa la wá ń ṣàlàyé ara wa. Àwọn ọmọ ti pàdánù táàmù kan gbáko nílé-ìwé. Adájọ́ kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ ìgò rárá tó fi pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà. Ó ń dùn mí di òní, nítorí pé ká ní ó ti fara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ẹjọ́ náà ìbá gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọmọ sá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Èkó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, kò fàyè gba kí wọ́n gbé ọmọ kúrò lábẹ́ ìtọ́jú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lòdì sí ìfẹ́ wọn. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà jáde kúrò ní Nàìjíríà, òfin àpapọ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ lé e. Ohun tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé òfin yìí de ìyàwó yín náà. Bó bá ń halẹ̀ pé òun máa kó wọn kọjá ẹnubodè, ẹ lè ní kí kóòtù pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wọn jáde kúrò nílùú láìgba àyè.

Ẹ má sì ju ẹrù rẹ̀ síta bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ṣe wí. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ti obìnrin mọ́ta pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ẹ̀yin ni gbogbo àdúgbò máa rí bí oníwà ipá, fọ́nrán rẹ̀ á sì ti wà lórí fóònù ènìyàn.

Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lọ́sẹ̀ yìí. Ti ìjọba ni kí ẹ lọ, irú bíi Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ìkòròdú yín níbẹ̀. Oṣù kan ti kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá omi gbígbóná kì í tètè lọ, dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á mọ ohun tó fà á. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin, nítorí ìtìjú, á ní àwọn ṣubú ni, tàbí pé ìkòkò ló dojú dé. Ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni agbẹjọ́rò ìyàwó yóò kà sí yín létí ní kóòtù lẹ́yìn ọdún kan. Bí ẹ bá ti lọ sí kẹ́mísìtì tẹ́lẹ̀ láti ra oògùn ojú egbò náà, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ má kọ ìbínú sínú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ ya àwòrán àpá náà. Àwọn ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má pa wọ́n rẹ́, ẹ má sì gé wọn kù. Ẹ fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, nítorí pé fóònù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọ́ nígbà tí ìjà bá dé. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, kóòtù ń gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi ìwé ìjẹ́rìí tó yẹ tì í. Agbẹjọ́rò yín ló máa ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí lórí fóònù mọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Ẹ má fi ọmọ ṣe ẹlẹ́rìí yín. Ẹ má ní kí ọmọbìnrin yín máa fi fóònù ká ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Adájọ́ lè pe ọmọ sí yàrá rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ lẹ́jọ́ máa ń fara hàn, ó sì máa ń ba ẹjọ́ ẹni tó kọ́ ọ jẹ́.

Lẹ́yìn ilé-ìwòsàn, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọmọdé, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín o. N kò ní tàn yín. Wọ́n lè béèrè pé ṣé ẹ kì í ṣe ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó gba ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Òfin 2007 yẹn fi iṣẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ ran ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lọ́wọ́ láti rí ìtọ́jú àti ibi ààbò, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un.

Bí ojú bá ń tì yín jù láti kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní DSVA. Wọ́n fi òfin gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2021, ó sì ń gba ẹ̀sùn ọkùnrin bó ṣe ń gba ti obìnrin. Ẹ lè pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 033 3333. Bí ewu bá dé lójijì, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè. Ní ti agbẹjọ́rò, bí owó kò bá sí, ọ́fíìsì OPD (Office of the Public Defender) ti ìjọba Èkó ń gbèjà ẹni tí kò lówó láìgba kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, ìyẹn Legal Aid Council.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ rèé: àṣẹ ìdáàbòbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ kò ju ìkọ̀sílẹ̀ lọ. Wọ́n rò pé àfi kí ènìyàn máa fara dà á tàbí kó tú ìgbéyàwó ká. Àṣẹ ìdáàbòbò wà láàárín méjèèjì. Ẹ lè gbà á láìtíì kọ ìyàwó, kóòtù kò sì gbọdọ̀ sọ pé òun kò fún yín nítorí pé òfin mìíràn wà tí ẹ lè gbà.

Bó ṣe ń lọ ni pé ẹ máa kọ ẹ̀bẹ̀ sí kóòtù, ẹ ó sì búra sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé dókítà, àwòrán àti ìwé kékeré yẹn á wá wúlò. Ẹlòmíràn lè bá yín gbé e lọ bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí adájọ́ bá rí i pé ìwà ipá ti ṣẹlẹ̀, tí ìdádúró sì lè fa ìpalára, ó lè fún yín ní àṣẹ onígbà díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó gbọ́ ti ìyàwó yín. Wọ́n á wá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì dá ọjọ́ tí òun náà máa wá sọ tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tí àṣẹ yìí lè ṣe. Ó lè ní kó dẹ́kun lílù yín, kó má sì rán ẹlòmíràn sí yín. Ó lè ní kó má wọ ilé tí ẹ jọ ń gbé, tàbí apá kan nínú rẹ̀, kó má sì wá síbi iṣẹ́ yín. Ó lè ní kí ọlọ́pàá bá yín lọ kó ẹrù yín tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ sá lọ kò gbọdọ̀ hàn sí i, wọn kò ní kọ àdírẹ́sì yín síbẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, kóòtù lè sọ pé kó má fojú kàn wọ́n fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó máa rí wọn níṣojú ẹnìkan, bí ìyẹn bá ṣe àwọn ọmọ náà lóore. Ìwé tí ọlọ́pàá lè fi mú un tún máa ń wà pẹ̀lú àṣẹ náà. Bó bá rú u, ọ̀ràn ló dá nìyẹn, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sì ni.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ béèrè ìwọ̀n tí ẹ nílò, kí ẹ má béèrè èyí tí inú ń bí yín sí. Bí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò yín, màá ní kí ìyàwó kúrò nínú ilé fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ọmọ dúró níbi tí ilé-ìwé wọn wà, kó sì máa rí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ níṣojú ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì gbà. Bàbá tó bá fẹ́ gé ìyá kúrò pátápátá láyé ọmọ, láìjẹ́ pé ìyá ń lu ọmọ, kì í dùn-ún gbọ́ létí adájọ́.

Àmọ́ tí ìyá bá kúrò nílé, ta ni yóò wà pẹ̀lú wọn?

Ìbéèrè yìí ni yóò le jù fún yín, arákùnrin mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí lẹ̀ ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ̀ ń wọlé. Lóòótọ́, èyí tí ìyàwó yín sọ pé kóòtù kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970 sọ pé ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé náà sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé bàbá ló lọmọ, kóòtù kò gba ìyẹn náà. Adájọ́ sábà máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ ìyá, pàápàá ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yẹ̀.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1992, nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, pé a kì í fi ọmọ san ẹ̀san fún ẹni tó hùwà dáadáa, a kì í sì í fi jẹ ẹni tó ṣẹ̀ nínú ìgbéyàwó níyà. Ìlà yìí yẹ kí ẹ rò dáadáa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá lọ sọ níwájú adájọ́ pé ìyàwó na yín lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìyẹn nìkan kò ní kó ọmọ fún yín. Ohun tó máa wúwo ni ohun tí ìnà yẹn ń ṣe fún àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún 7 tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá tún ń tọ̀ sílé, ẹ̀rí ńlá ni. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ bóyá òun náà ti ṣàkíyèsí nǹkan ní kíláàsì. Omi gbígbóná tó dà nígbà tí ọmọ ọdún 4 wà nítòsí, ẹ ṣàlàyé ibi tó dúró sí gan-an.

Kí ẹ sì wá ní ètò. Adájọ́ á fẹ́ mọ ẹni tó máa wẹ̀ wọ́n láàárọ̀, ẹni tó máa mú wọn lọ sílé-ìwé, ibi tí wọ́n máa sùn, ohun tí wọ́n máa jẹ kí ẹ tó dé, ẹni tó máa dúró tì wọ́n tí ibà bá mú wọn lóru. Ṣé ìyá yín lè wá gbé pẹ̀lú yín? Ṣé ibi iṣẹ́ lè yí àsìkò yín padà? Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn, agbẹjọ́rò ìyàwó kò ní sọ̀rọ̀ omi gbígbóná rárá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ yẹn ni yóò máa tẹnu mọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, tó gba èyí tí owó rẹ̀ kéré, tó sì kó ìwé ibi iṣẹ́ tuntun náà wá sí kóòtù. Àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Owó ilé-ìwé, oúnjẹ, oògùn, ẹ má dá ọ̀kankan dúró láàárín gbogbo èyí, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n wà. Ẹ máa san án láti báńkì kí àkọsílẹ̀ lè wà. Bàbá tó fi ebi pa ọmọ torí kó lè dun ìyá wọn ti hu ìwà ipá tirẹ̀ nìyẹn.

Bó bá wá di ìkọ̀sílẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Ẹ ti fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì. Ìgbéyàwó alárédè nìyẹn, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ lè máa ka ìròyìn àwọn ọkọ tó lọ rojọ́ ìyàwó tó ń nà wọ́n ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìgàndò ní Èkó, tàbí ti Mápó ní Ìbàdàn. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni tiwọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó so yìgì náà máa ń lọ síbẹ̀. Mo ti pàdé ọkùnrin tó gba ìwé ìtúká ní kóòtù ìbílẹ̀, tó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn ní rẹ́jísìrì, láìmọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn òun.

Ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, ohun tí ẹ máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe, nítorí pé ìwà ìyàwó yín ti dé ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé kí ẹ ṣì máa bá a gbé. Adájọ́ kò ní jẹ́ kí ìtúká náà parí láìjẹ́ pé ètò àwọn ọmọ tẹ́ ẹ lọ́rùn, oṣù mẹ́ta sì máa ń wà láàárín àṣẹ àkọ́kọ́ àti ìgbà tó máa di àṣeparí. Bí ẹ kò bá fẹ́ tú u ká, ẹ lè béèrè pé kí kóòtù fàṣẹ sí i pé kí ẹ máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá sì di pé ẹ gbọ́dọ̀ sá jáde lóru ọjọ́ kan, ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ kọ ilé sílẹ̀. Lójú òfin, ẹni tí ìwà rẹ̀ lé ẹnìkejì jáde ni ó kọ ilé sílẹ̀. Ẹ ṣáà ti lọ sọ fún agbẹjọ́rò àti ọlọ́pàá ní ọjọ́ kejì.

Ẹjọ́ ọ̀daràn ńkọ́? Ìjọba lè fẹ̀sùn kan ìyàwó yín nítorí omi gbígbóná yẹn. Kí ẹ mọ̀ pé tó bá ti di ti ìjọba, kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ kò lè kàn sọ lọ́la pé ẹ ti dárí jì í kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bí ewu bá ṣì wà fún ẹ̀mí yín tàbí ti ọmọ, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ gba àṣẹ ìdáàbòbò, kó wo bóyá ó dá ọwọ́ náà dúró, nítorí pé àwọn ọmọ yìí ló máa ru orúkọ ìyá tó lọ sẹ́wọ̀n.

Ó ṣeé ṣe kí òun náà tètè dé àgọ́ ọlọ́pàá, kó ní ẹ̀yin lẹ lu òun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé òfin Nàìjíríà fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò yín. Bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, wọn kò gbọdọ̀ tì yín mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ láìgbé yín débẹ̀. A kì í sanwó béèlì. Ìwé dókítà tí ẹ ti gbà ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ó máa gbà yín sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò bá a jà. Àmọ́ ìdájọ́ ilé ni wọ́n fi ń ṣáájú kóòtù láyé àtijọ́. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á jókòó, wọ́n á sì bá ẹni tó ṣẹ̀ wí. Ẹ̀yin ti sọ fún wọn, wọn kò bá a wí. Àdúrà pásítọ̀ náà dára, kò sì sí ohun tó ní kí ẹ má gbàdúrà ní iwájú kóòtù. Ibùdó ìlàjà ìjọba Èkó wà tó ń parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ń rán àwọn tó ń jà lórí owó oúnjẹ lọ síbẹ̀. Níbi tí omi gbígbóná bá ti wọ̀ ọ́, ẹ gba àṣẹ ìdáàbòbò ná.

Ẹ̀yin tó ń kà á láti ibòmíràn, ẹ béèrè òfin ìpínlẹ̀ yín. Abuja ń lo òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn. Níbẹ̀, fífi ipá lé ọkọ tàbí aya jáde nílé pàápàá jẹ́ ọ̀ràn, ìnà láàárín tọkọtaya sì lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ògùn àti Èkìtì náà ní tiwọn, àwọn méjèèjì sì ń fún ènìyàn ní àṣẹ ìdáàbòbò.

Arákùnrin mi, ẹ gbìyànjú kí ẹ wà nílé ní Sátidé yìí. Ẹ pe ọmọbìnrin yín jókòó, kí ìyá rẹ̀ má sí nítòsí. Ẹ má sọ̀rọ̀ kóòtù fún un, ẹ má sì bú ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun ló fa ìjà náà, pé ẹ ò bínú nítorí pé ó tọ̀ sílé, àti pé bí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀, kó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tí ẹ fọkàn tán. Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, ẹ lọ bá aládùúgbò náà kí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.